Ọ̀rọ̀ òdì sí Ọmọ ènìyàn àti ọ̀rọ̀ òdì sí Ẹ̀mí Mímọ́

Nínú Mátíù 12:32, Jésù, tó ń pe ara rẹ̀ ní Ọmọ ènìyàn, ya méjèèjì sọ́tọ̀: ti àkọ́kọ́ ní ìdáríjì, èkejì kò ní, láyé yìí tàbí láyé tó ń bọ̀.

Pétérù ni ká fi wo ti àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sẹ́ Jésù ní àgbàlá olórí àlùfáà, tó ń ṣépè, tó ń búra. Àkùkọ kọ, ó bọ́ síta, ó sunkún kíkorò. Pọ́ọ̀lù náà pe ara rẹ̀ ní asọ̀rọ̀ òdì tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n àìmọ̀ ló fi ṣe é (1 Tímótì 1:13). Àwọn méjèèjì rí àánú gbà.

Èkejì yàtọ̀. Ọkùnrin kan fọ́jú, ó tún yadi. Jésù wò ó sàn, ó ríran, ó sọ̀rọ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. Àwọn Farisí rí i, síbẹ̀ wọ́n ní agbára Béélísébúbù, olórí àwọn ẹ̀mí èṣù, ni. Máàkù 3:30 sọ ìdí tí Jésù fi kìlọ̀: wọ́n ń sọ pé Jésù ní ẹ̀mí àìmọ́. Kì í ṣe gbólóhùn tó ṣèèṣì bọ́ lẹ́nu. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ ìgbàanì, ní àìronúpìwàdà títí dọjọ́ ikú ni ẹ̀ṣẹ̀ yìí, a sì gbà pẹ̀lú rẹ̀, torí Ẹ̀mí yìí gan-an ló ń fi ẹ̀ṣẹ̀ han èèyàn (Jòhánù 16:8). Ẹni tó lé e, ta ni yóò tún pè é padà?

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí: èrò burúkú kan já lu ọkàn wọn lórí àdúrà, wọ́n gbà pé ó ti parí. Rárá o. Èrò téèyàn kórìíra kì í ṣe ìpinnu rẹ̀. Ìbẹ̀rù tó mú wọn yẹn, àwọn Farisí ò ní in. Kí onítọ̀hún ka 1 Jòhánù 1:9, kó jẹ́wọ́, kó sì sọ ọ́ fún pásítọ̀ rẹ̀.