Ọkọ̀ tí mo ń wọ̀ láti Lọ́kọ́jà sí Ṣíntàkù

Àwọn ará Kábà àti Ìyàrá tó ń ná ọjà òdìkejì Ọya máa ń bi mí pé ọkọ̀ wo ni mo ń wọ̀. Ọkọ̀ onígi gígùn tí wọ́n kùn ní búlúù ni, èyí tó ń dúró nítòsí ibi tí àwọn obìnrin ti ń sá ẹja létí omi Lọ́kọ́jà. Owó rẹ̀ fi díẹ̀ ju ti àwọn tó kù lọ. Inú mi máa ń dùn láti san án.

Atukọ̀ rẹ̀ kì í sáré. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí omi bá fà, ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan á dúró síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá gígùn, á máa tì í bọ omi, á máa ké bí ó ṣe jìn tó, bàbá náà á sì máa darí ọkọ̀ tẹ̀lé ohùn rẹ̀. Àwọn èrò kan máa ń kùn pé ó ń pẹ́, torí pé a ti ń wo Ṣíntàkù lọ́ọ̀ọ́kán, ó yẹ ká gba ibẹ̀ tààrà. Ọ̀nà tààrà ò sí níbẹ̀. Ní Lọ́kọ́jà ni Bẹ́núé ti wọ inú Ọya, omi méjèèjì ló sì ń ru yanrìn wá. Ibi tí omi bá ti ń rọra ṣàn ni yanrìn ń jókòó sí. Òkìtì yanrìn tí ẹ rí lọ́dún yìí lè ti ṣí lọ síbòmíràn lẹ́yìn tí odò bá kún ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá tó sì tún fà. Atukọ̀ tó bá ń gba ọ̀nà èṣí láìwọn omi, ẹ̀mí èrò ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́ mi ní ohun tó yẹ kí n máa wò. Ó ṣiṣẹ́ ní ìdídò Jẹ́bà, ìyẹn dáàmù tí wọ́n fi dí Ọya, kó tó fẹ̀yìn tì wá sílé. Ìdídò Káínjì ti wà láti ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n ṣí Jẹ́bà ní 1985, wọ́n sì kọ́ lọ́ọ̀kì sí méjèèjì kí ọkọ̀ lè kọjá. Ìdídò gbé omi òkè ga ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ọkọ̀ ò sì lè gun ògiri. Yàrá gígùn kan ni wọ́n ṣe, tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ á wọlé, wọ́n á ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n á jẹ́ kí omi òkè ṣàn wọlé díẹ̀díẹ̀ títí á fi bá ti òkè dọ́gba, kí wọ́n tó ṣí ti iwájú. Kò nílò ẹ̀rọ tó ń fa omi rárá.

Ẹ̀gbọ́n mi ní inú yàrá yẹn kọ́ ni ewu pọ̀ sí, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni. Omi tó jáde lára àwọn ẹ̀rọ iná mànàmáná ń sáré lọ lápá kan, omi ẹnu lọ́ọ̀kì dákẹ́ lápá kejì. Níbi tí wọ́n ti pàdé, ìṣàn lè gbá orí ọkọ̀ yí. Yanrìn sì ń rọ̀ sílẹ̀ níbi tó dákẹ́ yẹn. Ibi tí wọ́n bá ti ń tọ́jú lọ́ọ̀kì dáadáa, wọ́n ń wọn ibú omi léraléra, wọ́n ń kó yanrìn, wọ́n ń fa gẹdú àti òjú-oró tó bá wọ́ wá kúrò. Lápá òkè, wọ́n máa ń to nǹkan tó ń léfòó ka ojú omi kí ọkọ̀ má ṣìnà lọ síbi tí omi ti ń já. Ọkọ̀ tó ń dúró de ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ so mọ́ ibi tí wọ́n yàn fún un. Tí a ò bá ṣe gbogbo èyí, lọ́ọ̀kì olówó gọbọi á wà níbẹ̀, ọkọ̀ ò sì ní lè dé ẹnu rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ibi tí a ti ń sọ̀ ní Ṣíntàkù ṣe rí! Omi ń sáré láàárín odò, ó dákẹ́ létí ibẹ̀, yanrìn sì dí ẹnu rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ míì máa ń fi ìdí wọ́lẹ̀ níbẹ̀, àwọn obìnrin á bọ́ sínú omi pẹ̀lú ẹrù lórí. Atukọ̀ tiwa gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó so aṣọ pupa mọ́ wọn, ó sì ń ṣí wọn nípò bí yanrìn bá ṣe ń rìn. Owó ara rẹ̀ ló fi ń ṣe é, gbogbo ọkọ̀ ló sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ó dùn mí pé àwọn kan ń fa igi náà tu láti fi ta àwọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kó fi àwọ̀ ewé kún un, torí pé ní ojú omi wa, bọ́ì pupa, ìyẹn àmì ọ̀nà tó ń léfòó, ló yẹ kó wà lọ́wọ́ òsì ẹni tó ń gòkè odò, aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo fara mọ́ ọn. Ẹni tó rí pupa nìkan mọ̀ pé ewu wà, kò mọ ẹ̀gbẹ́ tí òun máa yà sí.

Ohun tó kù díẹ̀ káàtó: láìfù jákẹ́ẹ̀tì. Ti àgbà wà, àmọ́ okùn àwọn mìíràn ti já, kò sì sí ti ọmọdé nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ọmọ ọmọ mi dání. Mo ní, “Bàbá, ti ọmọ ńkọ́?” Ó ní, “Ẹ má bínú, Ìyá, màá wá a.” Ó ti ra méjì kéékèèké báyìí. Méjì ò tó lọ́jọ́ ọjà. Lọ́jọ́ ọjà náà ló máa ń gba ọ̀kadà àti àpò gààrí tó fi ń bo ojú ọmọṣẹ́ tó wà níwájú. Mo ti sọ fún un pé ọ̀pá yẹn ò wúlò tí ẹni tó mú un ò bá ríran, màá sì máa sọ ọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, ọkọ̀ tó kó àwọn oníṣòwò láti ìpínlẹ̀ Kogí wa yìí lọ sí ọjà Katcha ní ìpínlẹ̀ Niger dà nù, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Mi ò lè gbàgbé wọn bí mo bá ti ń wọkọ̀.

Mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ tètè dé, kó tó kún. Ẹ jókòó sí àárín, ẹ so jákẹ́ẹ̀tì yín kí ó tó tan ẹ́ńjìnnì. Kì í kọjá lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, bí ó ti wù kí ẹ bẹ̀ ẹ́ tó. Bí ọjà bá dá yín dúró, ẹ sun Ṣíntàkù.