Ìrókò, Tíìkì, Apá tàbí Arère: Èwo La Ó Fi Ṣe Bẹ́ńṣì àti Àpótí Òdòdó?

Igi tó bá ń gbé ìta ní Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó, ojú rẹ̀ ń rí nǹkan. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, òjò ń nà án. Bí ọyẹ́ bá dé, á gbẹ, á sán. Ikán ní tirẹ̀ kì í sinmi. Bẹ́ńṣì ń ru ènìyàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń fa omi láti ilẹ̀. Àpótí òdòdó gbé erùpẹ̀ tútù sínú tọ̀sán-tòru, oòrùn sì ń jó o lẹ́yìn. Ìyà wọn ò jọra, kò pọndandan kí igi wọn jọra.

Arère ni owó rẹ̀ kéré jù, ó fúyẹ́, ayùn sì ń gé e wẹ́rẹ́. Ẹ fi í sílẹ̀ fún inú ilé. Àwọn kan máa ń kùn ún ní ọ̀dà, wọ́n á ní ìrókò ni. Ẹ yí àga náà dé, ẹ fi èékánná tẹ ibi tí ọ̀dà ò dé: arère á tẹ̀ wọnú.

Fún bẹ́ńṣì, ìrókò la fara mọ́. Ṣùgbọ́n àárín igi nìkan ló ń kọ ikán. Ẹ má sanwó ìrókò fún etí pákó tó funfun. Ìrókò máa ń ní òkúta nínú nígbà mìíràn, èyí tó ń ba eyín ayùn jẹ́, torí náà bí káfíńtà bá fi owó iṣẹ́ lé e, kì í ṣe ojúkòkòrò. Apá le jù ú lọ, ó sì wúwo. Ó dára fún bẹ́ńṣì tí a ò ní gbé kiri, bí wọ́n bá kọ́kọ́ lu ihò kí wọ́n tó de skúrù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, igi á là.

Ìjókòó ní láti ga tó 45 cm, kí àlàfo 8 sí 10 mm wà láàárín pákó kan sí èkejì kí omi lè ṣàn. Bí ó bá gùn ju mítà 1.5 lọ, ẹ ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ sí àárín. Kí ẹsẹ̀ dúró lórí búlọ́ọ̀kù tàbí òkúta pẹlẹbẹ, kì í ṣe lórí ilẹ̀. Ìṣó lásán á dípẹtà, á sì da àbàwọ́n dúdú sára igi.

Fún àpótí, tíìkì: kì í fi bẹ́ẹ̀ wú, kì í fi bẹ́ẹ̀ sún kì, torí náà oríkèé rẹ̀ kì í tètè yà. Ẹ kọ èyí tí wọ́n gé ní kékeré, ara funfun ló máa ń pọ̀ jù lára rẹ̀. Àpótí 90 × 40 × 40 cm tí erùpẹ̀ tútù kún inú rẹ̀ lè wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì 4, ẹ rò ó kí ẹ tó gbé e sórí bákónì. Ihò 5, 12 mm ọ̀kọ̀ọ̀kan, nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ kékeré tó gbé e sókè ní 4 cm. Ọ̀rá (náílọ́ọ̀nù) tó nípọn lára ògiri inú nìkan. Bí ọ̀rá bá bo ìsàlẹ̀ láìlu ihò, omi á dúró, gbòǹgbò á jẹrà. Jíjìn 20 cm tó fún tẹ̀tẹ̀ àti ewédú. Ata àti tòmátì ń fẹ́ 30.

Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n dà kúrò lára ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pọ̀ ń fi lé ikán. Kò yẹ kó kan àpótí tí ẹ ó ti já ẹ̀fọ́ jẹ, lórí bẹ́ńṣì sì rèé, aṣọ funfun ni yóò kọ́kọ́ gbà á.