Contact cleaner, WD-40, Vaseline àbí gíríìsì silicone: èwo ni kẹ́ ẹ rà fún súìṣì ọkọ̀ àtijọ́?

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tẹ́ ẹ sì fẹ́ gbé Volkswagen Ìjàpá tàbí Píjó 504 yín jáde n'Íjẹ̀bú-Òde nígbà Ojúde Ọba, ọ̀dà ara ọkọ̀ kọ́ ló máa dójú tì yín láàárín èrò, súìṣì ni. Ẹ tẹ fèrè, kò dún. Ẹ fa iná, ó ń ṣẹ́jú. Kí ríwáyà tó ní kẹ́ ẹ lọ ra tuntun, ẹ yẹ bàbà inú rẹ̀ wò. Ìpẹtà ló sábà máa ń bò ó.

Bí owó yín bá ká ẹyọ kan péré, contact cleaner, oògùn inú agolo tí wọ́n ń fọ́n láti fi fọ ojú irin tí iná ń gbà kọjá, ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ tú orí bátìrì kúrò ná, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gbiná. Ẹ fọ́n ọn sínú súìṣì, kẹ́ ẹ máa tì í lọ tì í bọ̀. Ìdọ̀tí dúdú á máa kán jáde. Ó ń gbẹ kíákíá, kì í fi epo sílẹ̀. Àbùkù rẹ̀ nìyẹn náà: kì í dáàbò bo nǹkan kan, tí òjò bá dé, ìpẹtà lè padà. Irú èyí tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀ pé kì í ba rọ́bà àti ike jẹ́ ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ má fi sánpépà họ súìṣì o! Á họ fàdákà tí wọ́n fi bo ojú bàbà àwọn kan dànù.

WD-40, epo inú agolo tí wọ́n ń fọ́n, ti wà ní Amẹ́ríkà láti 1953, lílé omi sì ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Ó wúlò fún súìṣì tómi wọ̀ àti ohun tó há. Àmọ́ epo tó ń fi sílẹ̀ máa ń gba eruku, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ ka ara agolo dáadáa: ilé iṣẹ́ kan náà ń ta contact cleaner, orúkọ WD-40 náà ló wà lára ẹ̀.

Vaseline kò wọ́n, ẹ ó rí i l'Ókè-Àjé. Orí bátìrì ló bá mu jù. Oòrùn ọ̀sán á yọ́ ọ nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó sì ń mú rọ́bà wú.

Gíríìsì silicone wọ́n díẹ̀, àmọ́ kì í yọ́, kì í pa rọ́bà lára. Kì í gbé iná, ìdí nìyẹn táwọn kan fi ń sá fún un. Ní ojú ìsopọ̀ wáyà àti ìdí gílóòbù, irin tó fún mọ́ irin á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyókù á dènà omi. Inú súìṣì tí iná ń ta pàrà ni kò gbọ́dọ̀ dé. Iná náà á sọ ọ́ di ohun líle bíi yanrìn, tí kì í jẹ́ kí iná kọjá. Gíríìsì tí wọ́n ṣe fún ojú súìṣì, tí kò ní silicone nínú, ni kẹ́ ẹ fi pa ibẹ̀, fẹ́ẹ́rẹ́ ni o. Bí súìṣì iná iwájú Ìjàpá yín bá ní wáyà wẹ́wẹ́ tí wọ́n ká mọ́ tánganran, èyí tó ń dín iná dáṣíbọ́ọ̀dù kù, ẹ má fi gíríìsì kan án rárá.

Gílóòbù iwájú méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 55 watt lórí 12 volt ń fa nǹkan bí i 9 amp gba inú súìṣì. Lórí 6 volt, bí ọ̀pọ̀ Ìjàpá tó ṣáájú 1967 ti wà, ìlọ́po méjì ni. Kò sí gíríìsì tó lè gba súìṣì lọ́wọ́ ìyẹn. Ẹ ní kí ríwáyà fi rilé sí i, ìyẹn súìṣì mìíràn tí súìṣì yín á kàn máa tan, kí rilé máa gbé ẹrù iná náà.