Mo fi ojú púlọ́ńbà wo Canada House ní Trafalgar Square

Ó ti lé ní 20 ọdún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ páìpù omi àti ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí mo bá wọ ilé onílé, kì í ṣe àwòrán ara ògiri ni ojú mi kọ́kọ́ máa ń lọ bá. Orígun àjà ni mo máa ń wò, níbi tí àjà ti fẹnu ko ògiri. Ibẹ̀ ni ilé ti ń jẹ́wọ́. Bí òrùlé bá ń jò, bó ti wù kí wọ́n kun ọ̀dà tó, àbàwọ́n omi á yọ níbẹ̀, á pọ́n bí ìdí ife tíì.

Nígbà tí Màmá mi wá kí wa láti Ìbàdàn, mo mú wọn lọ wo Canada House, ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba Kánádà ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i fún àlejò. A wọ bọ́ọ̀sì 12 láti Peckham, a sọ̀ ní Trafalgar Square. Bí a ṣe wọlé tán, mo gbójú sókè. Àjà funfun báláú. Mo wò ó ní yàrá kejì, mo wò ó lókè àtẹ̀gùn, mo wò ó lẹ́bàá fèrèsé níbi tí omi ti sábà máa ń gbà wọlé. Mi ò rí àbàwọ́n kan.

"Àkànní, kí lò ń wá lókè? Gbogbo ohun rere tó wà níbí, ìsàlẹ̀ ló wà."

"Mọ̀mí, ẹ jẹ́ n wò ó dáadáa. Iṣẹ́ mi nìyí."

Ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa, tí wọ́n bá ti gbọ́ Kánádà, físà ló máa ń wá sí wọn lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ físà kọ́ ni mo bá wá. Ọ̀rọ̀ ilé ni mo bá wá, àti bí ìjọba kan ṣe tọ́jú ilé rẹ̀ tó wà nílẹ̀ òkèèrè.

Bí ẹ bá kẹ̀yìn sí National Gallery, ilé náà ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín. Robert Smirke ló ya àwòrán rẹ̀, òun kan náà tó ya ti British Museum, níbi tí orí idẹ Ifẹ̀ wa wà títí di òní. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní 1824, wọ́n parí ẹ̀ ní 1827. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́lá kan tí wọ́n ń pè ní Union Club ló ni apá kan, ẹgbẹ́ àwọn dókítà sì ni apá kejì. Ìjọba Kánádà rà á lẹ́yìn náà, Ọba George Karùn-ún sì wá ṣí i ní 1925. Ilé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 200 ọdún nìyẹn. Ẹni tó bá ti tú ògiri irú ilé bẹ́ẹ̀ wò rí mọ ohun tó máa ń wà níbẹ̀: páìpù òjé láti ayé àtijọ́, páìpù irin tí wọ́n fi kún un, páìpù bàbà tí ẹlòmíì tún wá so mọ́ ọn, kò sì sí ìwé kan tó sọ ibi tí ìkankan wọn gbà.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Kánádà náà ti fi ilé yìí sílẹ̀ rí. Ní 1993, nígbà tí ìjọba wọn fẹ́ dín ìnáwó kù, wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ọdún márùn-ún gbáko ló fi wà bẹ́ẹ̀ kí Ọbabìnrin Elizabeth tó tún un ṣí ní 1998. Iṣẹ́ àtúnṣe ńlá tí mo lọ wò yìí wá tẹ̀lé e. Wọ́n ní ilé mìíràn ní Grosvenor Square tí wọ́n ń pè ní Macdonald House, èyí tó ti jẹ́ ẹ́ńbásì Amẹ́ríkà kí Kánádà tó rà á. Ní 2013, wọ́n ta ilé yẹn fún ilé iṣẹ́ kọ́lékọ́lé kan láti Íńdíà, Lodha, ní mílíọ̀nù 306 pọ́n-ùn. Wọ́n ra ilé tó fara ti Canada House ní Cockspur Street, wọ́n so méjèèjì pọ̀, wọ́n tún gbogbo rẹ̀ ṣe, wọ́n kó àwọn òṣìṣẹ́ wọn jọ sábẹ́ òrùlé kan. Owó ilé tí wọ́n tà ni wọ́n fi gbọ́ bùkátà rẹ̀. Ní oṣù February 2015, Ọbabìnrin tún wá ṣí i.

Mo ròyìn èyí fún Màmá mi bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Wọ́n ní, "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Wọ́n wá dúró, wọ́n di irin àtẹ̀gùn mú. "Àmọ́ wọ́n ta ọ̀kan kí wọ́n tó rí owó tún ìkejì ṣe. Ìyẹn dùn mí díẹ̀."

Ó dun èmi náà. Ilé téèyàn bá ti tà ní àárín Lọ́ńdọ̀nù, kò ní rí irú ẹ̀ rà mọ́. Àmọ́ tí wọ́n bá bi mí, màá ní ohun tí wọ́n ṣe dáa. Ilé kan tó dúró ṣinṣin sàn ju méjì tó ń jò lọ, pàápàá nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá pín sí méjì, tí bọ́ílà méjì ń jẹ gáàsì, tí lífìtì ibí ń fẹ́ àtúnṣe, tí tọ̀hún náà ń fẹ́.

Ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ ilé lè má mọ bí síso ilé méjì pọ̀ ṣe le tó. Kì í ṣe ọwọ́ kan náà ló kọ́ wọn, kì í sì í ṣe ìgbà kan náà. Ilẹ̀ àjà kejì níhìn-ín lè má bá ilẹ̀ àjà kejì lọ́hùn-ún dọ́gba, omi ẹlẹ́gbin sì gbọ́dọ̀ rí ìdagẹ̀rẹ̀ tó máa gbà dé ìsàlẹ̀. Lórí ìyẹn, òfin ìlú Gẹ̀ẹ́sì dáàbò bo Canada House gẹ́gẹ́ bí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. O ò kàn lè gbé ẹ̀rọ alulu kí o dá ihò sára ògiri. Ọ̀nà páìpù, wáyà iná, wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa wá ibi tí wọ́n máa fi pamọ́ sí láì ba iṣẹ́ ọnà ara àjà jẹ́. Mo fi ojú wá páìpù tó sáré kọjá lára ògiri tàbí wáyà tí wọ́n kàn fi ìṣó kàn mọ́ ẹnu ọ̀nà. Mi ò rí i. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ yẹn, níbikíbi tó bá wà, ó ṣeun.

Àwọn yàrá ìpàdé náà wú Màmá mi lórí ju páìpù lọ. Orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ Kánádà ni wọ́n sọ wọ́n, kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀, àga, tábìlì àti àwòrán inú wọn sì jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ Kánádà fúnra wọn. Màmá mi ta aṣọ òfì fún ọdún púpọ̀ ní Ọjà Ọba, ojú wọn mọ ohun tí wọ́n hun dáadáa. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan etí kápẹ́ẹ̀tì kan. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin tí ẹ wà níbí, ó yẹ kí ẹnì kan sọ fún wọn nílé pé kí wọ́n gbé òfì Ìṣẹ́yìn wá sára ògiri tiwa." Mo ti kọ ọ́ síbí. Kí ẹni tó létí gbọ́.

Èyí tó kù yìí ló jẹ́ kí n jókòó kọ̀wé. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí lóru sí ẹ́ńbásì orílẹ̀-èdè kan tí mi ò ní dárúkọ. Páìpù bẹ́ lókè. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní òun ò lè jẹ́ kí n wọlé àfi tí ọ̀gá òun bá fọwọ́ sí i, ọ̀gá ò sì gbé fóònù. Mo dúró nínú òtútù pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ mi, mò ń gbọ́ omi tó ń dà lórí àtẹ̀gùn nínú ilé. Ó tó wákàtí kan ààbọ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí mo fi máa ti omi pa, àjà yàrá ìgbàlejò ti já wálẹ̀, fáìlì ti rin gbindin. Mo wá rí páìpù náà. Kì í ṣe òru yẹn ló bàjẹ́. Ó ti dípẹtà tipẹ́, ẹnì kan sì ti fi àkísà wé e, ó so ó, ó bá tirẹ̀ lọ.

Àdéhùn Vienna ti 1961 ló ń darí ọ̀rọ̀ àwọn ilé yìí. Abala 22 rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú tó gbà wọ́n lálejò kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ àfi bí olórí ikọ̀ bá yọ̀ǹda. Òfin náà kò mẹ́nu kan púlọ́ńbà, àmọ́ ọwọ́ líle kan náà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ń mú gbogbo wa. Nílé tèmi tàbí tìrẹ, bí omi bá ń ṣàn, aládùúgbò á já ilẹ̀kùn. Panápaná á wọlé. Ní ẹ́ńbásì, kò sẹ́ni tó máa já ilẹ̀kùn bá ọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé nínú gbogbo ilé tó wà láyé, ẹ́ńbásì ni kò yẹ kó dúró de ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ kó tó pe oníṣẹ́. Kí wọ́n ṣí páìpù wò lọ́dọọdún. Kí wọ́n kó ewé inú gọ́tà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n pààrọ̀ ohun tó ti gbó nígbà tí kò tíì bẹ́.

Owó ńkọ́? Ìṣirò kan wà tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1990 fún àwọn ilé ìjọba: kí ìjọba máa ya owó tó tó 2 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí yóò ná an láti tún ilé náà kọ́ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, fún ìtọ́jú àti àtúnṣe nìkan. Tí wọn ò bá yà á sọ́tọ̀, gbèsè ni wọ́n ń jẹ ilé náà, ilé kì í sì í gbàgbé gbèsè. Màmá mi ní ilé alájà kan ní Mọ̀lété, wọn ò ka ìwé ìṣirò kankan, àmọ́ nínú owó ilé tí àwọn ayálégbé bá san, wọ́n á kọ́kọ́ yọ ti páànù àti ti ṣálángá kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìyókù.

Ọ̀nà mìíràn wà, òun ni Amẹ́ríkà gbà. Wọ́n kúrò ní Grosvenor Square pátápátá, wọ́n kọ́ tuntun onígíláàsì sí Nine Elms, omi adágún wà níwájú rẹ̀, wọ́n ṣí i ní January 2018. Ó ná wọn tó bílíọ̀nù kan dọ́là, owó ilé tí wọ́n tà ni àwọn náà fi ṣe é. Mo ti rìn kọjá níbẹ̀, ilé tó dára ni. Àmọ́ ti Kánádà ló wọ̀ mí lọ́kàn. Ojúkò kan náà tí bàbá ńlá wọn ti mọ̀ wọ́n ni wọ́n ṣì wà.

Ilé irú èyí ni ojú orílẹ̀-èdè. Láti ẹnu ọ̀nà Canada House, ẹ ó máa wo South Africa House lódìkejì. Àwọn tó ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà dúró síwájú ẹ̀ tọ̀sán-tòru láti 1986 títí wọ́n fi dá Mandela sílẹ̀ ní 1990. Ní New York náà, igun títì tó wà lẹ́bàá Nigeria House, ilé iṣẹ́ aṣojú wa, ní Second Avenue ni wọ́n fi orúkọ Kudirat Abiọ́lá pè ní 1998, ọdún méjì lẹ́yìn tí wọ́n pa á ní Èkó. Tí aráyé bá ní ẹjọ́ láti bá orílẹ̀-èdè kan rò, ẹnu ọ̀nà ilé yẹn ni wọ́n ń gbé e wá.

Nígbà tí a jáde, Màmá mi ní kí n mú wọn dé tiwa, ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà. Kò jìnnà, Northumberland Avenue ni, ẹsẹ̀ la fi rìn débẹ̀. Wọ́n dúró lódìkejì títì, wọ́n wo àsíá wa, aláwọ̀ ewé àti funfun. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ọlọ́run má jẹ́ kí ó bàjẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́." Mo ṣe àmín. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu pe àwọn aṣojú wa padà sílé ní 2023, ilé iṣẹ́ aṣojú 109 ni a ní kárí ayé: ẹ́ńbásì 76, hàì kọmíṣọ̀n 22, kọ́ńsúléètì 11. Òrùlé 109 ni ìyẹn. Mo fẹ́ kí ìjọba wa ní ìwé kan tí wọ́n kọ ipò ìkọ̀ọ̀kan sí, kí wọ́n ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀ lọ́dọọdún lórúkọ ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má sì lè kó o lọ sí ibòmíì. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó mọ iṣẹ́ yìí pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù yìí. Bí wọ́n bá pè mí, màá wá.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lọ wo Canada House, ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání, ẹ má sì gbé báàgì ńlá, torí wọ́n máa yẹ̀ yín wò lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ fara balẹ̀ gun àtẹ̀gùn. Nínú 5, mo fún un ní 5.

Àmọ́ mi ò kọ 5 yẹn lọ́jọ́ náà, torí ọjọ́ oòrùn la lọ. Mo dúró di ìgbà tí Màmá mi ti padà sílé, tí òjò ńlá kan rọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo kúrò níbi iṣẹ́, mo lọ dúró ní Trafalgar Square pẹ̀lú agbòjò, mo wo páìpù òjò ara ilé náà láti òkè dé ilẹ̀, mo wo abẹ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan. Màmá mi pè mí níbẹ̀.

"Àkànní, ṣé ó ń jò?"

"Rárá, Mọ̀mí. Kò jò."