Ìwé òfin Màmá Jadesola Akande tí mo rà ní tòkunbọ̀: ìwé dáa, ẹni tó tà á fún mi ló kù díẹ̀ káàtó

Mi ò rí tuntun rà ni mo ṣe lọ ra tòkunbọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń ta ìwé àwọn lọ́yà lórí WhatsApp. Introduction to the Constitution of the Federal Republic of Nigeria 1999 lorúkọ ẹ̀, ìwé tó ń ṣàlàyé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ni, 2000 ló jáde, màmá ti kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀ fún òfin ilẹ̀ wa ti 1979 tẹ́lẹ̀.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ màmá yìí, ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n, Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kàwé títí wọ́n fi gba PhD lọ́dún 1971, UNILAG ni wọ́n ti ń kọ́ni, àwọn lobìnrin àkọ́kọ́ tó di purofẹ́sọ̀ òfin ní Nàìjíríà, wọ́n tún wá ṣe VC LASU láti 1989 sí 1993. 2008 ni wọ́n papòdà.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà ni pé kò sí àròyé. Wọ́n á gbé sẹ́kíṣọ̀n kalẹ̀ bó ṣe wà gan-an, wọ́n á ṣàlàyé ẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n á bọ́ sí èyí tó kàn. Sẹ́kíṣọ̀n 26 ni mo kọ́kọ́ ṣí, ìyẹn èyí tó ní tí ọkùnrin wa bá fẹ́ ará òkèèrè, ìyàwó ẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀ kó di ọmọ Nàìjíríà, àmọ́ tó bá jẹ́ obìnrin wa ló lọ fẹ́ òyìnbó, ọkọ tiẹ̀ ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i, àfi kó lọ gba ọ̀nà ọlọ́dún 15, ìyẹn kó ti gbé Nàìjíríà fún ọdún 15 kó tó lè tọrọ ẹ̀. Mo wá ṣí 42 tó ní wọn ò gbọdọ̀ fi jíjẹ́ obìnrin rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ẹ ka méjèèjì tẹ̀léra wọn ná, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá ẹ ò ní rẹ́rìn-ín.

Àléébù ẹ̀ ò ju pé ó ti pẹ́ lọ. Sẹ́kíṣọ̀n 131 inú ẹ̀ ṣì ń sọ pé ẹni ogójì ọdún ló lè du ipò ààrẹ, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti sọ ọ́ di 35 láti 2018, ti Reps, ìyẹn ilé aṣojú-ṣòfin l'Ábújá, náà ti kúrò ní 30 bọ́ sí 25. National Industrial Court, kọ́ọ̀tù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́, ò sí nínú àwọn kọ́ọ̀tù tí sẹ́kíṣọ̀n 6 kà sílẹ̀ nígbà yẹn. Ẹ lọ tẹ àwọn àtúnṣe yẹn jáde kẹ́ ẹ kì í bọ inú ẹ̀, ẹ má lọ fi òun nìkan wọ ẹ̀sáàmù o.

Ẹni tó tà á ńkọ́? Ó ní "neat copy" ni. Neat wo! Gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ẹ̀ ti tú, chapter 4 odindi ń já bọ́ léwé léwé, ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ sì ti fi báírò pupa fa gbogbo ẹ̀ yánnayànna, ó wá kọ "sure question" sẹ́gbẹ̀ẹ́ sẹ́kíṣọ̀n 36, èyí tó dá lórí ẹ̀tọ́ sí ìgbẹ́jọ́ òdodo. Ìyẹn gan-an ò bí mi nínú, ó wúlò.

Sítà mẹ́rin fún ìwé, méjì fún ọ̀gbẹ́ni. Tẹ́ ẹ bá rí i lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ní kó ya fọ́tò ẹ̀yìn ìwé ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó sanwó.