Paul McCartney ní O2, Lọ́ndọ̀n: ohùn ti dàgbà, àmọ́ ẹ lọ wò wọ́n

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń rò ó bóyá ó yẹ kéèyàn náwó lọ wo bàbá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún níbi tí wọ́n ti ń kọrin rọ́ọ̀kì, mo ti lọ o. Mo rí Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tó para pọ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ olórin Beatles, ní gbọ̀ngàn ńlá O2 ní Lọ́ndọ̀n lálẹ́ 19 December 2024, alẹ́ tí wọ́n fi kásẹ̀ ìrìnàjò eré wọn nílẹ̀ fún ọdún yẹn, ẹni ọdún 82 ni wọ́n lọ́jọ́ náà, ohun tí mo sì máa sọ ni pé kẹ́ ẹ lọ. Àmọ́ ẹ má torí ohùn inú àwo orin lọ, torí ohùn yẹn ò sí mọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ohùn náà tán ná. Tí wọ́n bá ń kọ orin tó rọra ń lọ jẹ́jẹ́, ẹ lè má mọ̀ rárá, ó ṣì dáa, ó ṣì móoru, àmọ́ níbi tí orin bá ti ròkè ó máa ń há, á gbọ̀n, nígbà míì á fẹ́ já mọ́ wọn lẹ́nu kí wọ́n tó tún gbá a mú. Maybe I'm Amazed ni mo ti gbọ́ ọ jù. Ẹni ọdún 27 ni wọ́n nígbà tí orin yẹn jáde ní 1970, ìyàwó wọn Linda ni wọ́n kọ ọ́ fún, nínú àwo ńṣe ni wọ́n ń figbe bọnu bí ọ̀dọ́kùnrin tí ìfẹ́ ń pa. Linda ti kú láti 1998. Ẹ wá wo bàbá yìí nídìí dùùrù, wọ́n ń lé ohùn lọ síbi tí àwọn fúnra wọn mọ̀ pé kò fẹ́ dé mọ́, wọn ò sì sá fún un. Ó dùn mí, ó sì tún dùn mọ́ mi, kò sí bí mo ṣe lè pín in. Lójú tèmi, orin yẹn lágbára ní báyìí ju bó ṣe wà nínú àwo lọ, àwọn tó ń sọ pé kí wọ́n lọ sinmi nílé, mi ò bá wọn fà á, àmọ́ mi ò gbà.

Àwọn tó ń bá wọn ṣeré náà mọṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wà pẹ̀lú wọn ju 20 ọdún lọ. Onílù wọn, Abe Laboriel Jr., ẹ máa wò ó dáadáa, bó ṣe ń lulù bẹ́ẹ̀ ló ń gbè é, níbi tí ohùn bàbá bá ti fẹ́ rẹlẹ̀ ni tiẹ̀ á ti wọlé lábẹ́ ẹ̀, láìbo bàbá mọ́lẹ̀. Bàbá náà ń ti orí báàsì bọ́ sórí gìtá, láti ibẹ̀ sí dùùrù, sí ukulele, gìtá kékeré tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ orin Something fún George Harrison, ọ̀rẹ́ wọn nínú Beatles tó kú ní 2001, wákàtí méjì àtààbọ̀ àti díẹ̀ sí i, mi ò rí i kí wọ́n gbé omi mu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí wọ́n wá kan Band on the Run, èmi ò lè jókòó mọ́ jàre. Ṣebí Èkó ni wọ́n ti ká ọ̀pọ̀ nínú àwo orin yẹn sílẹ̀ ní 1973, ní sítúdíò EMI ní Àpápá! Àwọn méjì nínú Wings, ẹgbẹ́ tí wọ́n ní lẹ́yìn Beatles, yọwọ́ kété kí wọ́n tó gbéra, ó wá ku bàbá, Linda àti Denny Laine. Wọ́n dé Èkó tán, àwọn olè fi ọ̀bẹ dá wọn lọ́nà, wọ́n gba téèpù tí wọ́n ká àwọn orin náà sí lọ, bàbá àtàwọn tó kù wá ní láti máa rántí àwọn orin náà látorí. Fela náà tún já wọlé bá wọn, ó ní orin Áfíríkà ni wọ́n wá jí, àfìgbà tí wọ́n ṣí ohun tí wọ́n ti ṣe fún un kó gbọ́ ọ fúnra ẹ̀. Síbẹ̀ bàbá máa ń sọ ọ́ fáyé gbọ́ pé àwọn lọ sí Shrine, àwọn gbọ́ Fela, ńṣe lomijé ń bọ́ lójú àwọn torí bó ṣe dùn tó. Gbogbo èyí ló ń yí lọ́kàn mi nígbà tí orin náà dé ibi tó ti ń yí padà, tí gìtá wọlé, tí gbogbo gbọ̀ngàn sì gbà á lẹ́nu wọn, mo pariwo débi pé ọ̀fun mi há.

Mi ò tiẹ̀ tíì sọ ti báàsì náà. Iléeṣẹ́ Höfner ló ṣe é, èyí tí ara ẹ̀ rí bíi violin, Hamburg ni wọ́n ti rà á ní 1961, owó ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 30 pọ́n-ùn lọ nígbà yẹn, òun ni wọ́n lò nígbà tí Beatles ń gbérí. Olè jí i ní 1972 ní Lọ́ndọ̀n, ó di àwátì fún bí àádọ́ta ọdún, àfìgbà tí wọ́n rí i nínú àjà ilé kan tí wọ́n sì dá a padà fún wọn. Lálẹ́ yìí, Ronnie Wood ti ẹgbẹ́ olórin Rolling Stones jáde, wọ́n gbé báàsì náà wá, wọ́n sì bọ́ sórí Get Back. Mo ranjú mọ́ skríìnì ńlá: ara igi náà ti họ, bàbá gbé e kọ́rùn, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń ta á, àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún sì ń lọ tààrà síbi tó yẹ kí wọ́n tẹ̀, wọn ò wo ọwọ́ rárá. Ọkùnrin àgbàlagbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kàn ń sunkún ni, kò sì bojú.

Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kúrò lórí ìtàgé, nígbà tí wọ́n padà wá, fídíò John Lennon, tí wọ́n jọ wà nínú Beatles, jáde fún I've Got a Feeling, ohùn John tí wọ́n yọ sọ́tọ̀ látinú eré tí Beatles ṣe lórí òrùlé ní January 1969, bàbá wá kọ̀yìn sí wa, wọ́n kọjú sí skríìnì, wọ́n ń wo ọ̀rẹ́ wọn bó ṣe ń kọrin. 1980 ni wọ́n pa John o. Lẹ́yìn náà ni Ringo Starr, onílù Beatles, ẹni ọdún 84, jáde, wọ́n dì mọ́ra, Ringo sì lọ jókòó sídìí ìlù. Àwọn méjì tó ṣẹ́ kù pátá nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyẹn, lójú wa báyìí.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn ò pọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì wọ́n, ó wọ́n gan-an, ẹ tètè rà á kó tó dọwọ́ àwọn tó ń tà á lékè. Come On to Me gùn jù fún mi, ó wù mí kí wọ́n fi orin jẹ́jẹ́ kan rọ́pò ẹ̀, irú èyí tí ohùn wọn ìsinsìnyí bá mu. Iná tó ń bú gbàù nínú Live and Let Die, etí máa ń dun èèyàn, ẹni tó bá mú ọmọ kékeré dání kó ra ohun tí wọ́n fi ń bo etí. Ẹ̀gbẹ́ lókè ni mo jókòó sí, mo sì rí gbogbo ẹ̀ kedere torí skríìnì tóbi, nítorí náà ẹ má gbówó gọbọi kalẹ̀ torí iwájú. Ẹ má sì bá àwọn tó ń sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú irin jáde lẹ́yìn Hey Jude, ó ṣì ku nǹkan bíi orin mẹ́fà.