Púlì alumíníọ̀mù lẹ́nu kíráńkì Corolla mi: oṣù mẹ́rin péré ni mo lò ó

Ìràwọ̀ méjì ni mo fún un nínú márùn-ún. Ọ̀kan jẹ́ ti gíà kìíní, èkejì jẹ́ ti gíà kejì. Bátìrì mi ti jẹ mẹ́ta tó kù.

Corolla 2005 ni mo ń wà, mánúà, ẹ́ńjìnnì 1.8 tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní 1ZZ. Adó ni mo ń gbé, àmọ́ iṣẹ́ máa ń gbé mi lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti fi mọ́tò gun òkè Ẹ̀fọ̀n rí á mọ ohun tó ń yọ mí lẹ́nu. Ẹni tó ta púlì yìí, irin róbótó tí fáńbẹ́ẹ̀tì ń gba orí rẹ̀ yí, fún mi ní bí mo bá yọ ti irin tó wà lẹ́nu kíráńkì, ìyẹn ọ̀pá irin tí ẹ́ńjìnnì ń yí, tí mo fi alumíníọ̀mù rọ́pò rẹ̀, mọ́tò á máa fò, epo á sì dínkù. Mo gbà á gbọ́. Èmi tí mo ti lé lógójì ọdún o!

Kí a tó dè é, mo gbé méjèèjì lọ sórí òṣùwọ̀n ìyá tó ń ta ẹja dídì ládùúgbò wa. Ti àtijọ́ lé díẹ̀ ní kílò méjì. Tuntun, tí wọ́n kùn ní pupa fòò, kò pé kílò kan. Ìyá béèrè bóyá abọ́ ni.

Kí n má purọ́, ọjọ́ àkọ́kọ́ dùn. Bí mo bá tẹ iná díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á ti dáhùn. Ó sì nídìí: ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí àwọn irin ara rẹ̀ kí agbára tó kan táyà, bí irin náà bá fúyẹ́, á tètè gbéra. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yára gòkè nìkan lèèyàn ń jẹ àǹfààní yẹn, ìyẹn ní gíà kékeré. Nígbà tí mo bá dé gíà kẹrin lọ́nà Àrámọ̀kọ, n kì í mọ ìyàtọ̀ kankan. Ti epo ńkọ́? Mo ń kọ iye tí mò ń rà sínú ìwé fún oṣù méjì, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló wà. Mọ́tò tó ń sáré déédéé lójú ọ̀nà kò bìkítà bóyá púlì rẹ̀ wúwo tàbí ó fúyẹ́.

Ohun tí ẹni tó tà á kò là mí lọ́yẹ ni pé púlì náà tún kéré ju ti àtijọ́ lọ, bíi ìdá kan nínú márùn-ún. Fáńbẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ló ń yí ọ́tánétọ̀ tó ń fún bátìrì níná, AC, pọ́ǹpù omi àti pọ́ǹpù sítíárì lára ẹ́ńjìnnì yìí. Bí púlì kíráńkì bá kéré, gbogbo wọn ló máa rọra yí. Òótọ́ ni pé wọn ò ní gba agbára púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì mọ́. Àmọ́ ẹ wá wò mí nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìjìgbò lọ́sàn-án gangan: AC ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná, sítíárì le nígbà tí mo fẹ́ páàkì, iná iwájú ń rẹ̀ sílẹ̀. Riwáyà fi mítà wọn bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì dúró sójú kan tí AC àti iná wà ní títàn: fóòtì 12.5. Ó yẹ kó ju 13.5 lọ kí bátìrì tó lè rí nǹkan jẹ. Ní oṣù kẹta, bátìrì kú.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló jẹ́ kí n yọ ọ́. Nígbà tí wọ́n yọ púlì àtijọ́, mo rí i pé irin méjì ni, ọ̀kan nínú, ọ̀kan níta, rọ́bà sì wà láàárín wọn. Mi ò kà á sí. Kíráńkì kì í yí geere bí a ṣe rò. Nínú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́rin, iná epo ń sọ lẹ́ẹ̀mejì nígbàkigbà tí kíráńkì bá yí po. Bí ó bá ń yí po nígbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìgbà 100 nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí iná ṣe ń gbá a, ó ń lọ́ díẹ̀, ó sì ń tú padà, bí ìgbà tí èèyàn méjì di aṣọ tútù mú lórí méjèèjì tí wọ́n ń fún un. Eré kan wà tí lílọ́ yìí máa ń bá bí irin náà fúnra rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n mu, ibẹ̀ ló ti ń le sí i. Irin ìta àti rọ́bà yẹn ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi ń pa á: bí kíráńkì bá ń já síbí, irin ìta á máa fà á sọ́hùn-ún, rọ́bà á gba ìjà náà mọ́ra, á sì sọ ọ́ di ooru. Alumíníọ̀mù mi ò ní rọ́bà. Gbọ̀ngbọ̀n tó bá dé, kíráńkì àti bẹ́rìn tó gbé e dúró ló ń jẹ ẹ́. Pọ́ǹpù ọ́ìlì 1ZZ sì rèé, iwájú kíráńkì níbẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, òun náà á jẹ nínú rẹ̀.

Tèmi ò fọ́ o. Ohun tí mo gbọ́ ni ìró kan lórí òkè Ẹ̀fọ̀n, bí oyin tó há sínú garawa, nígbàkigbà tí kíráńkì bá ti ń sún mọ́ ìyípo 4,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Mẹkáníìkì mi bá mi wà á dé Ìgèdè kó gbọ́ ọ, ó ní: “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìdíje lẹ fẹ́ lọ bá wọn sá ni?” Mo ní kó bá mi dá ti àtijọ́ padà. Ó yẹ rọ́bà rẹ̀ wò, kò tíì là. Ká ní ó ti là ni, tuntun tó ní rọ́bà ni ǹ bá rà, n ò ní ra tòkunbọ̀, nítorí rọ́bà ń gbó pẹ̀lú ọjọ́ orí, irin ìta á sì máa yọ̀ lórí rẹ̀.

Àwọn mọ́tò kan wà tí púlì tí ilé-iṣẹ́ fi sí wọn kò ní rọ́bà rárá. Ewu fífi èyí tó fúyẹ́ sí irú wọn kéré, bí kò bá ṣáà ti kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ìwọ̀n tí wọ́n dìídì fi sára púlì ló ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dúró déédéé. Ìyẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹni tó ń sáré ìdíje, tó ń tú ẹ́ńjìnnì wò látìgbàdégbà, kó lò ó. Ẹni tó ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé ní Bàṣírì, kí ló fẹ́ fi ṣe?

Ohun tó ná mi nìyí: owó mẹkáníìkì ní ìgbà méjì, fáńbẹ́ẹ̀tì kúkurú tí mo rà fún púlì kékeré náà tí kò wúlò mọ́, bátìrì kan. Púlì pupa náà ṣì wà nínú búùtù mi. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó kọ́kọ́ sọ irú mọ́tò tó ní.